Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Lálẹ́ Tí Ẹnìkan Bá Mutí: Bí Ọkùnrin Ṣe Lè Yan Ilé Àwọn Tó Ti Jáwọ́, Kó sì Gbé Ibẹ̀

Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé èló ni, ẹni mélòó ló ń sun yàrá kan, àti pé ṣé wọ́n máa gba fóònù lọ́wọ́ àwọn. Kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilé àwọn ọkùnrin tó ti jáwọ́ nínú ọtí tàbí oògùn olóró lẹ fẹ́ kó lọ, ìbéèrè kan wà tó ṣáájú gbogbo ìyẹn: bí ọ̀kan nínú yín bá wọlé láago mọ́kànlá alẹ́ òní, tí ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀, kí lẹ máa ṣe kó tó di aago méjìlá? Kí ẹ wá dákẹ́. Ilé tó mọ ohun tó ń ṣe máa dáhùn kíá, ní ẹsẹẹsẹ, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Ilé tó bá ní "irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ níbí," ẹ dìde, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Irú ilé tí à ń sọ

Kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní dókítà, kò ní nọ́ọ̀sì. Ilé lásán ni, ní àdúgbò lásán, tí ọkùnrin mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ń gbé. Wọ́n jọ ń san owó ilé, wọ́n jọ ń gbálẹ̀, gbogbo wọn sì ti gbà pé ọtí àti oògùn olóró kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Àlàfo tó wà láàárín ilé ìtọ́jú àti ilé ara ẹni ni wọ́n ń fi irú ilé yìí dí. Ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nílé ìtọ́jú, tó wá padà sínú yàrá tó ti ń mu, sáàárín àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń mu, tí kò sì ní iṣẹ́ tó máa jí lọ láàárọ̀, ibo lẹ rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbé e lọ?

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1975 ní Silver Spring, ní ìpínlẹ̀ Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìjọba àgbègbè ibẹ̀ fẹ́ ti ilé kan tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí, torí owó ti tán. Àwọn ọkùnrin tó ń gbé ibẹ̀, tí Paul Molloy jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní àwọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n gba ilé náà fúnra wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Oxford House. Kò sí ọ̀gá tó ń gbowó oṣù níbẹ̀. Òfin mẹ́ta ni wọ́n gbé e kà: ìbò àwọn olùgbé ló máa darí ilé, àwọn olùgbé ló máa san gbogbo owó tó bá ń jáde, ẹni tó bá sì mutí tàbí lo oògùn olóró máa kó jáde. Ẹni tó bá pa òfin mọ́ lè pẹ́ tó bó ṣe wù ú.

Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì DePaul, tí Leonard Jason ṣáájú wọn, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Èèyàn 150 tó ń jáde nílé ìtọ́jú, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni wọ́n pín sí méjì láìṣe ojúsàájú: ìdajì lọ gbé Oxford House, ìdajì gba ibi tí àwọn èèyàn máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, nǹkan bí 31 nínú 100 àwọn tó gbé ilé náà ló ń lo ọtí tàbí oògùn olóró. Nínú àwọn yòókù, nǹkan bí 65 nínú 100 ni. Ẹ má fi ìyẹn búra fún gbogbo ilé o. Ilé tó ní ìbò, tó ní òfin, tó ní ìpàdé ni wọ́n wọ̀n. Ẹnikẹ́ni ló lè lẹ "sober living", ìyẹn ilé àwọn tó ti jáwọ́, mọ́ ògiri.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ara kọ́kọ́ balẹ̀

Ẹ má ti ilé ọtí bọ́ sí ilé yìí tààrà. Ẹni tó ti ń mutí gan-an lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tó wá dáwọ́ dúró lójijì, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n láàárín wákàtí 6 sí 24. Gìrì lè gbé e kó tó pé ọjọ́ méjì. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kó máa sọ ìsọkúsọ, kí ara rẹ̀ gbóná kó sì máa làágùn. Èyí lè pa èèyàn. Àwọn oògùn amárarọ̀ bíi diazepam náà rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti pẹ́ lórí wọn. Abẹ́ ojú dókítà ni kó ti kọ́kọ́ kọjá, kì í ṣe nínú yàrá tí ẹni tó sùn sí bẹ́ẹ̀dì kejì rò pé òtútù ló ń mú un.

Ti heroin àti àwọn oògùn ìrora alágbára yàtọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń jáwọ́ máa ń dà bí ọjọ́ ikú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà náà ni ewu tó le jù wà: ara ti gbàgbé bó ṣe ń gbà á. Ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà lè pa á lẹ́yìn oṣù kan péré tí kò fọwọ́ kàn án. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ẹni tó ni ilé, àti ibi tí owó ń wọ̀

Ilé tí àjọ tí kò wá èrè ń ṣe kì í ṣe ilé ọ̀fẹ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé owó tó bá ṣẹ́ kù kò lọ sápò ẹnìkan. Inú iṣẹ́ ilé ló ń padà sí. Ó yẹ kí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kó ní ìgbìmọ̀ olùdarí tí orúkọ wọn hàn sí gbogbo èèyàn, kó sì lè fi àkọsílẹ̀ owó ọdún tó kọjá hàn yín. Ẹ béèrè fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá jẹ́ pé ọkọ ni alága, ìyàwó ni akápò, tí àwọn méjèèjì náà ló sì ni ilé tí àjọ ń san owó rẹ̀, àjọ ti di orúkọ lásán.

Ọjà kan wà tí wọ́n ń ná lórí àwọn tó ń jáwọ́, ó sì yẹ kí ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Alágbàtà kan máa pè yín, ó máa ní ilé wà, ẹ ò ní san nǹkan kan, òun á tún san owó ọkọ̀ yín. Nọ́ńbà ìbánigbófò yín nìkan ló fẹ́. Ilé yẹn máa wá gbé yín fún ilé ìtọ́jú kan tó ń fún un lówó lábẹ́lẹ̀ lórí olúkúlùkù. Wọ́n máa yẹ ìtọ̀ yín wò lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀, kì í ṣe torí pé ó pọn dandan, bí kò ṣe torí pé iléeṣẹ́ ìbánigbófò ń sanwó lórí ìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá sì tún ṣubú, ìyẹn ni pé ó padà sídìí ọtí tàbí oògùn olóró, ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, owó míì wọlé. Nílé bẹ́ẹ̀, alẹ́ tí ẹnìkan bá mutí, èrè ló dé. Ní Palm Beach County, ní Florida, ọ̀rọ̀ yìí le débi pé lọ́dún 2016, agbẹjọ́rò ìjọba níbẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde torí rẹ̀ nìkan.

Ẹ tún béèrè irú àbójútó tó wà nílé. National Alliance for Recovery Residences, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011, pín irú ilé yìí sí ipele mẹ́rin. Ní ipele kìíní, àwọn olùgbé ló ń darí ara wọn. Ìkejì ní alábòójútó, tó sábà máa ń jẹ́ ẹni tóun náà ti jáwọ́ rí. Ìkẹta ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù àti ètò tó létòlétò. Ìkẹrin ló ní ìtọ́jú ìṣègùn nínú. Kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ bíi kíláàsì iléèwé. Ohun tó bá èèyàn mu ló yàtọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù kan láìmu, tí kò níṣẹ́, tó sì ti gbìyànjú nílé lẹ́ẹ̀mejì tí kò bọ́ sí i, kó lọ sí ìkejì tàbí ìkẹta. Ẹni tó ti níṣẹ́, tó mọ owó í ṣírò, tó sì lè sọ fún àgbàlagbà ẹgbẹ́ ẹ̀ pé "abọ́ ẹ wà nílẹ̀ láti àná," ìkíní máa gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ wò ó, nírọ̀lẹ́

Ẹ má lọ lọ́sàn-án tí ilé dá. Ẹ lọ nígbà tí àwọn èèyàn ti dé láti ibi iṣẹ́, tí bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnìkan ń wẹ̀, tí ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn pé kó tètè jáde.

Ẹ wọ ilé ìdáná, kí ẹ wo ilẹ̀kùn fíríìjì. Ìwé iṣẹ́ ilé sábà máa ń wà níbẹ̀: orúkọ lápá òsì, ọjọ́ lókè, bírò kan tí wọ́n fi okùn so kọ́. Bí wọ́n bá ti sàmì sí gbogbo ojú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, tó jẹ́ bírò kan náà, tí ọwọ́ tó kọ ọ́ sì jọra, ẹnìkan ló jókòó kọ ọ́ láàárọ̀ torí ó gbọ́ pé àlejò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá ṣófo, tí wọ́n fi bírò tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ kọ "ó di ọ̀la o, mi ò ní gbà mọ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èèyàn ń gbé ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo ilé ìwẹ̀ náà. Ẹ ka bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wò ó bóyá naloxone, oògùn tí wọ́n ń fín símú ẹni tí heroin tàbí oògùn ìrora alágbára fẹ́ pa, wà níbi tí gbogbo èèyàn mọ̀, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ tí alábòójútó nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Kí ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi alábòójútó, kí ẹ tún wá àyè bi olùgbé kan nígbà tí alábòójútó ò sí nítòsí, kí ẹ wò ó bóyá ìdáhùn méjèèjì bára mu. Ìdáhùn tó dáa máa ń lọ báyìí: a máa kọ́kọ́ wò ó bóyá ara rẹ̀ le, bó ṣe ń mí. Bó bá ju agbára wa lọ, a máa pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Bí ọ̀rọ̀ náà ò bá le, kò ní sùn níbí lóní-ìn, ṣùgbọ́n a ò ní tì í síta. A máa pe ibi ìtọ́jú tàbí ẹbí rẹ̀, ẹnìkan á tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. A máa di ẹrù rẹ̀, a máa tọ́jú ẹ̀ fún iye ọjọ́ báyìí. Ó lè padà béèrè ààyè lẹ́yìn iye ọjọ́ báyìí. Àwa tó kù máa jókòó ṣèpàdé láàárọ̀.

Ọ̀nà méjì ni ilé ń gbà kùnà nínú èyí. Ọ̀kan máa ń jẹ́ kó sùn torí ó ti san owó oṣù, tàbí torí pé àánú ẹ̀ ń ṣe wọ́n; ọkùnrin méje tó kù á wá dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn, ọ̀fun á máa yun wọ́n. Èkejì á gbé àpò rẹ̀ sójú títì láago méjìlá òru, pẹ̀lú fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Ẹni tí ara rẹ̀ ti gbàgbé oògùn, tó dá wà, tójú ń tì: àwọn tó ń kú nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oògùn tí dókítà kọ

Dókítà lè ti fi ẹni tó ń jáwọ́ nínú heroin sórí methadone tàbí buprenorphine, àwọn oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí heroin ti di bárakú fún. Àwọn ilé kan máa ní "oògùn náà ni ìyẹn, o ò tíì jáwọ́." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń darí ilé ló jáwọ́ láìlo nǹkan kan, wọ́n sì gbà pé ọ̀nà mìíràn kò sí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi méjèèjì sínú àwọn oògùn kòṣeémánìí, wọ́n sì ń dín ikú kù láàárín àwọn tó ń lò wọ́n. Ilé lè ní kí ẹ fi í sínú àpótí onítì, kí wọ́n máa ka hóró rẹ̀ lójú yín. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹlòmíì lè jí i. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ilé míì wà. Ẹ má fi oògùn dókítà ra bẹ́ẹ̀dì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé, owó, àti ọjọ́ tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò

Kí owó kankan tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gba ìwé àdéhùn lọ sílé, kí ẹ kà á. Ohun tí owó ilé kó mọ́ra gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: iná, omi, àyẹ̀wò ìtọ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó lè mú kí wọ́n lé èèyàn, ẹni tó ń dá a, àti bóyá owó àsansílẹ̀ ń padà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n lé. Ẹ gba rìsíìtì lórí gbogbo owó, títí kan èyí tí ẹ fún alábòójútó lọ́wọ́ ní ilé ìdáná.

Nílé tí àwọn olùgbé ń darí, àwọn ló máa fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, wọ́n á sì dìbò. Ní Oxford House, mẹ́rin nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ tó wọlé. Wọ́n máa béèrè ìgbà tí ẹ mu kẹ́yìn. Ẹ sọ ọjọ́ náà bó ṣe rí. Ọkùnrin tó jókòó níwájú yín ti parọ́ irú ẹ̀ fún ìyá rẹ̀, fún ọ̀gá rẹ̀, fún adájọ́. Kíá ló máa gbọ́ ọ. Àwọn tó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lọ́wọ́ ń wọlé. Àwọn tó sọ oṣù mẹ́ta tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá padà.

Ẹrù kékeré ló tó: ìwé ìdánimọ̀, aṣọ iṣẹ́, aago tó ń jíni, àti oògùn dókítà nínú ike rẹ̀ gan-an tí orúkọ yín wà lára rẹ̀. Ẹ fi omi ìfọnu tó ní ọtí nínú sílẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kan wà tó lè rí àmì ọtí títí di nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, omi ìfọnu sì lè mú kó sọ pé ẹ mu nígbà tí ẹ ò mu. Bí ẹ ti ń mu igbó gan-an kí ẹ tó wá, ẹ sọ ọ́ ṣáájú. Ó lè pẹ́ lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ò sì ní fẹ́ kí ti àná di ẹ̀sùn ti òní.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oṣù àkọ́kọ́

Aago ìwọlé máa wà. Àyẹ̀wò máa wà láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìpàdé ilé máa wà lọ́sẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á sì tún fẹ́ kí ẹ máa lọ sí ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́ níta, bíi ti Alcoholics Anonymous tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1935, tàbí SMART Recovery fún ẹni tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nínú ẹ̀. Èyí ò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò.

Ohun tó le ni láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́sàn-án. Àsìkò yẹn lẹ máa ń mu tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ò mọ ibi tó máa wà. Ẹ fi iṣẹ́ kan síbẹ̀ kí ẹ tó mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi síbẹ̀: ẹ gba ìrọ̀lẹ́ lórí ìwé iṣẹ́ ilé, ẹ rìn, ẹ tẹ̀ lé ẹni tó ń lọ ìpàdé. Ẹ gba nọ́ńbà ọkùnrin mẹ́ta nínú ilé, kí ẹ sì pe ọ̀kan lọ́jọ́ tí nǹkan kan ò ṣe yín, kó má baà jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa pè ni ìgbà tí ẹ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ọtí.

Abọ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Mo fi tọkàntọkàn sọ ọ́. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá mutí pa gbogbo ìbínú kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ èyí." Ibẹ̀ gan-an ló ti máa kọ́ ọ, lórí ohun kékeré tí kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé ọ̀sẹ̀. Ẹ má gbé e sínú títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ keje: alẹ́ náà

Bí ẹnìkan bá ṣubú nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ má bò ó. Ẹni tó ń bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í sílẹ̀ sínú yàrá tó tì pa.

Bí oògùn olóró bá ni ẹ fura sí, tí kò jí nígbà tí ẹ jì í, tó ń mí díẹ̀díẹ̀ tàbí tó ń hanrun lọ́nà tí kò yẹ, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí ọmọlójú rẹ̀ sún kì bí orí abẹ́rẹ́: ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fín naloxone sí ihò imú kan. Bí kò bá mí dáadáa, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta tí kò bá yí padà, ẹ fín èkejì sí ihò kejì. Bó bá ń mí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá jí, ó lè bínú, ó lè ní kí ẹ jẹ́ kóun máa lọ. Ẹ má jẹ́ kó lọ. Agbára naloxone lè tán láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 90, oògùn tó lò sì lè wà lára rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣubú, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó yẹ yín wò. Ẹ máa kó jáde bóyá ẹ sọ tàbí ẹ ò sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ni wọ́n sábà máa ń rántí nígbà tó bá padà wá béèrè bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bá wọn pe nọ́ńbà ibi ìtọ́jú, ẹ má dá rìn lálẹ́ yẹn.

Fún ẹbí rẹ̀: ẹ san owó ilé fún ilé tààrà, ẹ má fi lé e lọ́wọ́ ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ má pe alábòójútó lójoojúmọ́ láti fimú fínlẹ̀. Kí ẹ sì ti pinnu ṣáájú ohun tí ẹ máa ṣe bí ilé bá pè yín láago mọ́kànlá alẹ́ pé ẹ wá mú un.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó jáde

Ẹ má fi kàlẹ́ńdà wọ̀n ọ́n. Ẹ wò ó bóyá owó oṣù mẹ́ta wà nípamọ́, bóyá ẹni tí ẹ fẹ́ jọ gbé kì í mu, bóyá ẹ ti la òkú kan, ìgbéyàwó kan tàbí ìjà kan kọjá láìfọwọ́ kàn án. Ẹ sọ fún ilé ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ gba owó àsansílẹ̀ yín, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ẹni tó ti kó lọ lè máa wá sí ìpàdé ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ń gbà. Bí ẹ bá fi máa padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, orúkọ ẹlòmíì á ti wà lórí ìlà yín lára fíríìjì, á sì ṣeé ṣe kó má tíì mọ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí.